Ilẹ̀ pákó tó ń mì bí èèyàn bá ti ń kọjá: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ títún un ṣe

Ohun tí wọ́n pè wá sí

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilẹ̀ náà wà. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, igi ìdábùú ló sì gbé pákó, láti ògiri kan dé ìkejì láìsí òpó láàárín. Ẹni tó bá ń rìn lórí rẹ̀ kì í mọ nǹkan kan. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ni ara ń ni: ojú kọ̀ǹpútà á máa gbọ̀n, omi inú ife á máa rú, gíláàsì inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa dún wíríwírí. Ẹ̀gbọ́n tó ni ilé sọ fún wa pé, "Ẹ dákun ẹ bá mi wò ó, ó dà bíi pé ilé yìí fẹ́ wó." Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ yanjú ṣáájú ohunkóhun, torí pé ẹni tí ẹ̀rù ilé wíwó bá ń bà kò lè sùn dáadáa.

A ṣí pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sì wọn igi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mìlímítà 50 ni ó nípọn, mìlímítà 200 ni ó jìn, ìyẹn láti òkè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Láti àárín igi kan sí àárín ìkejì jẹ́ mìlímítà 400. Láti ògiri dé ògiri jẹ́ mítà 5.2. Mo ṣírò ẹrù ilẹ̀ fúnra rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti èèyàn àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé, igi náà lè rù ú. Kò sán níbì kankan, kòkòrò ò jẹ ẹ́, etí rẹ̀ tó wọ inú ògiri gbẹ dáadáa. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ilé kò ní wó. Igi lè lágbára tó láti ru ẹrù rẹ̀ fún àìmọye ọdún, síbẹ̀ kó máà gan tó láti má mì. Ọ̀pọ̀ ìlànà ìkọ́lé ló ń bójú tó ti agbára dáadáa, tí ti mímì kì í sì í rí àyè nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1828, Thomas Tredgold, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí igi tó bá gùn jìn dáadáa, kí èèyàn má baà máa mi gbogbo ohun tó wà nínú yàrá bó bá ti gbé ẹsẹ̀.

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló là wá lójú. Ẹ̀gbọ́n rò ó títí, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé lẹ́yìn tí wọ́n tún ìsàlẹ̀ ṣe ni. Kí ni wọ́n ṣe nísàlẹ̀? Wọ́n yọ ògiri pákó kan tó pín yàrá sí méjì, kí pálọ̀ lè fẹ̀. Ẹni tó bá wọn ṣe é ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ògiri náà kò ru nǹkan kan, òótọ́ sì ni. Àmọ́ orí ògiri náà kan àjà ní àárín gbùngbùn. Bí igi ìdábùú bá fẹ́ lọ sísàlẹ̀, ògiri á dá a dúró. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì fẹ́ máa mì, ìforígbárí orí ògiri àti àjà á gba agbára ìmì náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ ni igi tó ti ń sinmi láàárín di igi tó na mítà 5.2 gbalaja.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ ní kíkún torí pé ó wọ́pọ̀. Ọ́fíìsì náà ń rí irú rẹ̀: wọ́n á wó ògiri kéékèèké kúrò, wọ́n á kó àpótí ìwé àtijọ́ dànù, gbogbo ilẹ̀ á wá ṣófo. Ẹrù tó wà lórí ilẹ̀ dín kù, ohun tó ń pa ìmì dín kù, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan igi tàbí irin tó gbé ilẹ̀ náà ró rárá. Nínú ìṣirò àwọn ẹnjiníà, ilẹ̀ tí ògiri kéékèèké wà lórí rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà lè ní ìwọ̀n pípa-ìmì, ìyẹn bí ìmì ṣe ń yára kú tó, tó tó 5%. Tí ilẹ̀ bá ṣófo, ó lè ṣẹ́kù sí 2%.

Kí ló dé tí ẹsẹ̀ èèyàn kan ṣoṣo lè mi gbogbo ilẹ̀?

Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń lọ sókè-sódò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí nǹkan bá gbá a lẹ́ẹ̀kan tó sì fi í sílẹ̀. Hz ni wọ́n fi ń ka iye náà. Ọ̀nà kúkúrú kan wà láti mọ̀ ọ́n: wá iye mìlímítà tí ilẹ̀ fi tẹ̀ lábẹ́ ẹrù tó wà lórí rẹ̀, wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì (square root) iye yẹn, kí o fi pín 18. Tiwa yìí, ìṣirò ní á tẹ̀ tó mìlímítà 5.6. Èyí fún wa ní nǹkan bíi 7.6 Hz.

Ẹni tó bá ń rìn bó ṣe mọ́ ọn lára máa ń gbé ẹsẹ̀ láti nǹkan bí 1.6 dé 2.4 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹlòmíì á ní 2 jìnnà sí 7.6. Ẹ wo bí ẹsẹ̀ ṣe ń balẹ̀ ná: gìgísẹ̀ á kọ́kọ́ gbá ilẹ̀, ara á gun orí ẹsẹ̀, orí ìka á wá ti ilẹ̀ kúrò. Kò tẹ́jú rárá. Nítorí náà, nínú ìrìn ẹsẹ̀ méjì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, títì kéékèèké mìíràn tún wà tó ń wáyé ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta àti mẹ́rin rẹ̀. Títì àkọ́kọ́ tó bí ìdajì ìwúwo ẹni tó ń rìn, ìkejì tó 20%, ìkẹta 10%, ìkẹrin 5%. Ẹni tó bá ń gbé ẹsẹ̀ ní 1.9, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 7.6. Ó bọ́ sórí ilẹ̀ wa gẹ́lẹ́.

Ìdá 5% ìwúwo ẹni tó wọn kílò 70 kò ju kílò mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Ó kéré. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ ni ó ń tì í, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni ń ti ọmọdé lórí jangirọ́fà: ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máà kàn án, ọmọ sì ń lọ sókè sí i.

Ohun tó tún wá burú ni pé láàárín 4 sí 8 Hz ni ara èèyàn ti ń tètè mọ ìmì tó ń lọ sókè-sódò jù lọ. Ilẹ̀ wa wà nínú àlàfo yẹn.

Ọmọkùnrin káfíńtà tó bá wa ṣiṣẹ́ kò gbà pé èèyàn lásán lè mi ilé. Mo sọ ti TechnoMart fún un, ilé alájà 39 kan ní Seoul, ní Gúúsù Kòríà. Ní ọjọ́ 5 oṣù July 2011, ilé náà mì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n kó èèyàn jáde. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá ní àjà kejìlá ló fà á: wọ́n ń fò pọ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe ń yára fò sì bá bí ilé náà ṣe ń mì fúnra rẹ̀ mu. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wọn tiwa náà."

Wíwọ̀n kí a tó gé igi kankan

Fóònù la lò, pẹ̀lú áàpù phyphox tí yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ṣe. Ó ń ka ohun tí sẹ́ńsọ̀ inú fóònù bá rí, ó sì lè yà á jáde gẹ́gẹ́ bí Hz. Ẹ yọ ìdérí rọ́bà kúrò lára fóònù. Ẹ má gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ojú pákó gan-an ni kó wà, láàárín yàrá, kí ẹ sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà máa fò.

Lẹ́yìn náà la ṣe àyẹ̀wò gìgísẹ̀, èyí tí àwọn ẹnjiníà ti ń lò láti àwọn ọdún 1960. Ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó gòkè sórí ìka ẹsẹ̀, ó sì já gìgísẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì mira mọ́. Àwòrán tó jáde mọ́ kedere: ó fò sókè, ó wá ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, orí kan lẹ́yìn òmíràn. Òkè tó ga jù nínú àwòrán Hz dúró sí 7.4. Ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó dákẹ́, èyí sì fi hàn pé ìwọ̀n pípa-ìmì rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2% lọ. A ní kí ẹnì kan rìn kọjá bó ṣe máa ń rìn: 0.3 m/s² ni ibi tó ga jù (m/s² ni wọ́n fi ń ka bí ìyára nǹkan ṣe ń yí padà tó).

Kí ni 0.3 túmọ̀ sí? Nínú ìlànà tí AISC, àjọ àwọn tó ń fi irin kọ́lé ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1997 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2016, ọ́fíìsì àti ilé gbígbé kò gbọdọ̀ ju 0.5% agbára òòfà ayé lọ, ìyẹn nǹkan bí 0.05 m/s². Ilé ìtajà ńlá lè dé 1.5%. Níbi tí gbogbo èèyàn ti jọ ń jó, wọ́n gbà á láyè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí ẹni tó ń jó kò ní ráhùn pé ilẹ̀ ń mì. Ilẹ̀ onírin àti kọnkéré ni wọ́n torí rẹ̀ kọ ìlànà náà, ilẹ̀ pákó fúyẹ́ jù ú lọ fíìfíì, nítorí náà mi ò fi ṣe òfin fún tiwa. Mo kàn fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n rí i pé ìráhùn rẹ̀ kì í ṣe àròsọ.

Fún ilẹ̀ pákó, ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni bó ṣe ń tẹ̀ lábẹ́ ẹnì kan. A gbé ọ̀pá kan nà láti ìsàlẹ̀ dé àjà, a so géèjì tó ń ka ìdá mìlímítà mọ́ orí rẹ̀, ẹni tó wọn kílò 80 sì lọ dúró sí àárín lókè. Mìlímítà 2.4. Ìlànà ìkọ́lé Kánádà ní kí ilẹ̀ pákó tó gùn tó tiwa má tẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 0.94 lábẹ́ ẹrù kilonewton kan, ìyẹn ẹni tó wọn bíi kílò 102. Tí a bá yí 2.4 wa sí ẹrù yẹn, ó di nǹkan bí 3.1: ó ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀nà tó wà

Èyí tó dára jù ni òpó tàbí bíìmù láàárín nísàlẹ̀. Tí gígùn igi bá di ìdajì, Hz rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí ohun mìíràn tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ òpó láàárín pálọ̀. Mo gbà fún un.

Ẹlòmíì ní ká gbé ẹrù lé ilẹ̀ náà, pé á jókòó. Fún ilẹ̀ pákó, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹrù láìsí gígan ń mú Hz wálẹ̀ ni, ìlọ́po kẹta ìgbésẹ̀ á wá bá a, ìyẹn sì lágbára tó ìlọ́po méjì ti ìkẹrin.

Ẹ̀rọ apàmì tún wà, irin wúwo lórí sípíríìngì tí wọ́n ṣe kó máa lọ sódì sí ìmì ilẹ̀. Wọ́n fi irú rẹ̀ sí afárá Millennium ní London, tí wọ́n tì ní June 2000 lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ṣí i, torí pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá mú un fì sọ́tùn-ún sósì. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Nínú ilé gbígbé, owó àti ààyè rẹ̀ kò bá iṣẹ́ mu.

Ó ku kí á mú kí àwọn igi náà gan sí i láti òkè, láìfọwọ́ kan àjà ìsàlẹ̀. Ká ní ilé tuntun ni, igi tó jìn ní 250 dípò 200 ni ǹ bá ní kí wọ́n lò: gígan igi ń tẹ̀lé jíjìn rẹ̀ × jíjìn × jíjìn, nítorí náà 50 péré yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Iṣẹ́ náà gan-an

A tú pákó. Ibẹ̀ la ti rí ohun tí kò sí nínú ìṣirò. Ẹni tó gbé páìpù omi gba ibẹ̀ ti gé orí igi kan lulẹ̀ ní mìlímítà 50, nítòsí àárín. Lójú ibi tó gé, jíjìn igi di 150. Agbára rẹ̀ níbẹ̀ ṣẹ́kù 56%, gígan rẹ̀ 42%. Igi yẹn nìkan ni ìbá ti yẹ kí ẹ̀rù bà wá lé lórí. A yí páìpù gba ẹ̀gbẹ́ ògiri.

A gbé ọ̀pá dúró lábẹ́ àjà nísàlẹ̀, pákó fífẹ̀ lórí rẹ̀ kó má baà lu àjà, a sì yí i díẹ̀díẹ̀ títí igi tó ti tẹ̀ fi tọ́. Igi tuntun, 50 sí 200 bíi ti àtijọ́, la lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Mítà 4.2 ni a gé wọn sí. Kò pọn dandan kí wọ́n wọ inú ògiri: àárín ni igi ti ń tẹ̀ jù, àárín náà ni gígan ti wúlò jù, mítà 5.2 odindi kò sì ní gba ààyè wọlé láìfọ́ ògiri. Igi tuntun ní láti gbẹ dénú. Igi tútù á súnkì, á já kúrò lára gọ́ọ̀mù, á sì máa han.

Gọ́ọ̀mù la kọ́kọ́ fi kun gbogbo ojú ibi tí igi méjèèjì ti pàdé, lẹ́yìn náà sukúrù ní ìlà méjì, ọ̀kan nítòsí òkè, ọ̀kan nítòsí ìsàlẹ̀, ní gbogbo mìlímítà 300, tí a sì pín wọn kí tòkè má dojú kọ tìsàlẹ̀. A fi kíláǹpù fún wọn pọ̀ kí a tó yí sukúrù. Bí gọ́ọ̀mù bá ṣe yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sí òmíràn láìdáwọ́ dúró, a mọ̀ pé ó wọlé. Níbi tí kò ti yọ, a tú u.

Lẹ́yìn èyí ni igi kúkúrú tí a há sáàárín, ní ìlà mẹ́ta: ọ̀kan ní àárín gbùngbùn, ọ̀kan sápá ọ̀tún, ọ̀kan sápá òsì. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, òun náà ni àwọn èèyàn sì ń fi wàdùwàdù ṣe jù. Láìsí wọn, igi tí ẹsẹ̀ bá bọ́ lé nìkan ló ń jìyà. Tí wọ́n bá wà, ó ń pín ẹrù fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Lórí ìwé, àlàfo tó ṣẹ́kù láàárín igi jẹ́ 300 gédégédé. Lójú iṣẹ́, ọ̀kan jẹ́ 298, èkejì 304, òmíràn 300 lókè tó sì jẹ́ 302 nísàlẹ̀. Nítorí náà, a kì í gé gbogbo wọn pa pọ̀. A ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lókè àti nísàlẹ̀, a ń gé e kó há díẹ̀, a sì ń fi òòlù gbá a wọlé. Èyí tó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ láìgba òòlù kò wúlò, ó máa di ohun tó ń dún ni.

Pákó ilẹ̀ la fi parí. Ìṣó lásán ni wọ́n fi kàn án tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ìṣó náà ti gòkè, pákó sì ń sáré lórí igi bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù lórí gbogbo igi, sukúrù ní gbogbo mìlímítà 150 lẹ́gbẹ̀ẹ́, 200 láàárín. Pákó tó lẹ̀ pinpin mọ́ igi ń bá igi ṣe iṣẹ́ gígan.

Wíwọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́

A jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ tán kí a tó yọ ọ̀pá ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn igi tuntun àti igi kúkúrú, kí pákó tó padà, ẹni kílò 80 yẹn tẹ ilẹ̀ ní mìlímítà 0.9. Lẹ́yìn tí pákó lẹ̀ tán, 0.7. Tí a bá yí i sí kilonewton kan, ó jẹ́ nǹkan bí 0.9, ó bọ́ sábẹ́ ìwọ̀n Kánádà. Àyẹ̀wò gìgísẹ̀ fi 10 Hz hàn, ó sì dákẹ́ láàárín ohun tó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìrìn èèyàn wá sílẹ̀ láti 0.3 sí nǹkan bí 0.1 m/s². Kò dé 0.05, mi ò sì ní parọ́ pé ó dé e. Ṣùgbọ́n àwòrán náà ti yí padà: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá ilẹ̀, ilẹ̀ á sì rọ̀ kí ìkejì tó dé. Kò kó jọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó sídìí tábìlì, ìyàwó rẹ̀ rìn lẹ́yìn rẹ̀ lọ rìn bọ̀, omi inú ife kò rú.

Gíláàsì inú kọ́bọ́ọ̀dù ṣì ń dún díẹ̀. A fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ pẹpẹ tí wọ́n wà lórí rẹ̀, a sì fún sukúrù ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà le. Ohun kékeré ni, ó sì yẹ ní ṣíṣe, torí pé èèyàn máa ń rò pé ilẹ̀ ń mì ju bó ṣe ń mì lọ nígbà tí etí rẹ̀ bá ń gbọ́ ọ.

Ohun kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n béèrè bóya òun lè gbé ẹ̀rọ ìsáré sókè níbẹ̀. A ní kí ọmọkùnrin káfíńtà sáré lójú kan láàárín yàrá, fóònù wà nílẹ̀: ó ń gbé ẹsẹ̀ ní nǹkan bí 2.5, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 10, àwòrán náà sì gòkè kíá. Ẹni tó ń sáré lè fi ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀ gbá ilẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìsáré kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máà hàn. Ibẹ̀ ni a ní kí ó gbé e sí, kí ó dábùú igi kí ó lè tẹ orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí tábìlì kọ̀ǹpútà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá.